Wàláà Tí Mo Fi Kọ́ Èdè Jámánì

Òórùn wàláà, pákó tí ọmọ kéwú fi ń kọ̀wé, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́, kò jọ òórùn mìíràn. Igi tútù wà nínú rẹ̀, tàdáwà ìkọ̀wé tí wọ́n fi èédú pò wà nínú rẹ̀, òógùn ọwọ́ ọmọ tó ti dì í mú láti àárọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Bí mo bá ń gba ẹ̀yìn ilé kéwú kọjá ní àdúgbò wa ní Ìwó lónìí, tí òórùn yẹn bá kàn mí nímú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni dẹ́ẹ̀, dí, dáàsì. Èdè àwọn ará Jámánì ni. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó foríjì mí nítorí rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọge, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ báyìí tí eyín ti ń tán lẹ́nu mi.

Ìgbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ni. Àáfà ni bàbá mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ẹ̀gbọ́n wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ni baálé ilé, ohun tí Bàbá Àgbà bá sì sọ, a ti parí ẹ̀ nìyẹn. Láyé ìgbà náà, ọmọbìnrin kì í pẹ́ nílé kéwú. Bó bá ti mọ ìwọ̀nba tí yóò fi kírun, wọ́n á ní ó ti tó, kó lọ bá ìyá rẹ̀ pa èkùrọ́. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà. Mo ní mo ti gbọ́, mo sì tún padà wá jókòó sórí ẹní ní ọjọ́ kejì bí ẹni tí wọn kò bá sọ nǹkan kan. Bàbá mi wò mí títí, wọ́n rẹ́rìn-ín sínú, wọ́n kọ ẹsẹ tó kàn sára wàláà mi. Báyìí ni mo ṣe ń bá a lọ, títí tí Àlùkùráánì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lọ́wọ́ mi.

Ẹni tó bá kà á parí máa ń ṣe wòlímọ̀. Yóò dúró níwájú gbogbo àdúgbò, yóò kéwú ketekete, wọn yóò sì mọ̀ pé ó ti di ẹni tó mọ̀wé Ọlọ́run. Kò sí ọmọbìnrin kankan nínú ilé wa tó ṣe é rí. Ìyá mi ti hun kíjìpá funfun tí n óò wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó gbé e pa mọ́ sórí àjà, ó sì máa ń gòkè lọ wò ó bí ẹni tó ń wo adìyẹ tó sàba. Mo fẹ́ wòlímọ̀ yẹn ju ohunkóhun lọ láyé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù.

Ibùdó rélùwéè jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú. Ibẹ̀ ni òyìnbó Jámánì kan kọ́ ilé onípáànù sí, tó ń ra èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ìwó, Olúpọ̀nnà àti Ilé-Ogbó. Ìyá mi wà lára wọn. Nígbà tó yá, òyìnbó náà mú ìyàwó rẹ̀ dé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ibà kì í fi sílẹ̀. Ó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀ nígbà tó fi wà ní Èkó, ó sì fẹ́ ọmọge kan tí yóò máa dúró tì í lọ́sàn-án. Ìyá mi ní òun ní ọmọ kan nílé tí kò sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ kó gbọ́, bóyá òyìnbó á rí i ṣe. Bàbá mi gbà, kìkì kí n máa kéwú láàárọ̀ kí n tó lọ, kí n má sì fẹnu kan ẹran wọn.

Ní ọ̀sán kan, mo gbé ṣíbí fún ìyàwó òyìnbó, mo sì pe orúkọ ṣíbí náà bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin náà. Lọ́fẹ̀lì, mo ní. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ọtí fi gba imú rẹ̀ jáde, ó sì ké sí akọ̀wé rẹ̀ láti ìta pé kó wá gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń sọ. Akọ̀wé náà, ará Èkó tó máa ń wọ bàtà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún mi: òyìnbó ní àwọn ọlọ́pọlọ tó lọ sílé ìwé gíga pàápàá ń kọsẹ̀ nínú èdè àwọn, nítorí kò sí ohun kan tó ní orúkọ láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì pé oríṣi mẹ́ta, dẹ́ẹ̀, dí, dáàsì, o kò lè fi ọgbọ́n mọ èyí tó jẹ́ ti èwo, àfi kó o há a sórí. Ó ní kí n fi sílẹ̀, orí ọmọ ẹlẹ́kùrọ́ kò lè gbà á. Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Orí tó ti gba Àlùkùráánì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ àkọ́sórí! Ẹ̀rín yẹn ló kọ́ mi ní Jámánì. Ìyàwó òyìnbó kàn ràn án lọ́wọ́ ni.

Obìnrin náà ní sùúrù. Ó ní dẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀lì ni ṣíbí, dí gáàbẹ̀lì ni àmúga, dáàsì mẹ́sà ni ọ̀bẹ. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo sì rò ó lọ sílé. Kí ló lè pín nǹkan sí ọ̀nà mẹ́ta? Ohun kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn: ta ni àgbà, ta ni ó tẹ̀ lé e, ta ni ọmọdé. Ní ilé tiwa, ìyẹn ni ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ kó tó la ẹnu kí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà mo fi dẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n, mo fi dí ṣe àtẹ̀lé, mo fi dáàsì ṣe àbíkẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń fọ àwo, ṣíbí ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbé e sílẹ̀ níwájú ìyàwó òyìnbó. Ọ̀bẹ ní tirẹ̀, mo kàn ń tì í síbẹ̀ ni, ọmọ àná. Ilẹ̀kùn jẹ́ dí, mo sì máa ń rọra pa á dé; ilé fúnra rẹ̀ jẹ́ dáàsì, mo sì ń fi ìgbálẹ̀ gbá a bó ṣe wù mí.

Ó ṣàkíyèsí mi fún ìgbà díẹ̀ kó tó bi mí léèrè. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ti ọkọ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rárá. Ọkùnrin ni dẹ́ẹ̀, obìnrin ni dí, èyí tí kì í ṣe ọkùnrin tí kì í sì í ṣe obìnrin ni dáàsì.

"Ta ló wá tú ṣíbí sí ìhòòhò, tó rí i pé ọkùnrin ni?" mo bi í.

Mo wá bi í pé èmi ńkọ́, kí ni wọ́n ń fi síwájú ọmọge lédè wọn. Ojú tì í díẹ̀ kó tó dáhùn. Dáàsì, ó ní. Dáàsì mẹ́ẹ̀tìṣẹ̀n. Wọ́n kó èmi àti ọ̀bẹ sójú kan, ṣíbí sì jẹ́ ọkùnrin! Mo ní kò ṣeé ṣe. Mo ní n óò máa pe gbogbo nǹkan yòókù bí wọ́n ṣe ń pè é, ṣùgbọ́n mi ò ní pe ara mi bẹ́ẹ̀. Dí ni mo fi síwájú ọmọge láti ọjọ́ náà lọ. Bó bá tún un ṣe, màá tún padà sí tèmi, títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ kan, ó nawọ́ sókè, ó ní dí sọ́nà ni oòrùn, dẹ́ẹ̀ móńtì ni òṣùpá. Mo sáré dé ilé ni. Bàbá mi ń gé kálámù ìkọ̀wé wọn lọ́wọ́.

"Bàbá, àwọn ará Jámánì ní obìnrin ni oòrùn, ọkùnrin sì ni òṣùpá."

Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ta ló sọ fún wọn?" wọ́n ní. Nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí lédè Lárúbáwá tí wọ́n fi ń kọ́ wa. Oòrùn tí Ọlọ́run fi búra nínú Àlùkùráánì, obìnrin ni. Òṣùpá tó ń tẹ̀ lé e, ọkùnrin ni. Bàbá mi wá ní kí n máa fetí sílẹ̀ dáadáa níbi tí mò ń lọ, kí n máa wá sọ ohun tí mo bá gbọ́ fún àwọn. Ìyẹn tó mi láti dáwọ́ lé e.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láti há nǹkan sórí ni ọ̀nà ilé kéwú. Tí mo bá ti ka ẹsẹ tòwúrọ̀ tán, tí mo ti fọ wàláà mi, màá fi tàdáwà àti lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ̀rọ̀ Jámánì tí mo gbọ́ lánàá sára rẹ̀. Màá jókòó, màá máa mi síwá mi sẹ́yìn, màá máa ké e lóhùn tí a fi ń kéwú. Dẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀lì, dí gáàbẹ̀lì, dáàsì mẹ́sà. Mi ò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohùn náà dùn, àwọn ọmọ kéékèèké tó jókòó yí mi ká sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀, bàbá mi lọ kí aláìsàn, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń ho, ọmọ ń mì, ẹní ń mì, pẹ̀lú dẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀lì, dí gáàbẹ̀lì. Bàbá Àgbà gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n dúró. Wọ́n tẹ́tí títí, nítorí àwọn náà mọ Àlùkùráánì lórí, wọn kò sì rántí ibi tí èyí wà nínú rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń kà?" wọ́n bi wá.

Ọmọbìnrin kékeré kan tí kò tíì ká eyín àkọ́kọ́ ló dáhùn. "Ṣíbí ni, Bàbá Àgbà. Ọkùnrin ni."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àgbà. Wàláà mi wà lórí ẹní láàárín wa, ọ̀rọ̀ Jámánì sì wà lára rẹ̀. Bàbá Àgbà ní orí ohun tí orúkọ Ọlọ́run ń jókòó lé lójoojúmọ́ ni ọmọ yìí ń kọ ṣíbí àwọn kèfèrí sí. Bàbá mi rọra ní lẹ́tà yìí kan náà ni àwọn fi ń kọ̀wé sí àwọn oníṣòwò obì ní Kánò. Bàbá Àgbà ní orí tákàdá ni ìyẹn, wàláà kì í ṣe tákàdá. Wọ́n wá gbé ìdájọ́ wọn kalẹ̀. Kí n fọ̀ ọ́ báyìí, kí n lọ da omi rẹ̀ sí ààtàn lójú gbogbo èèyàn, kí n má sì dé ibùdó rélùwéè mọ́ láéláé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ wòlímọ̀ mi létí wọn.

Mo gbọ́ tí ìyá mi mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé kíjìpá tó wà lórí àjà ló ń rò.

Ẹni tó bá dàgbà nílé kéwú mọ̀ pé omi wàláà kì í ṣe omi ìdànù. Èèyàn kì í dà á síbi tí ẹsẹ̀ yóò ti tẹ̀ ẹ́. Ìdí igi la ń dà á sí, tàbí kí á mu ún, kí ọ̀rọ̀ náà lè dúró síkùn. Bàbá Àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe ààtàn, kí ìtìjú náà lè dun èèyàn dáadáa. Mo kúnlẹ̀, nítorí wọ́n kọ́ mi, ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti fèsì.

"Bàbá Àgbà, ẹ dákun, lẹ́tà àlífù tó wà lára wàláà yìí, àlífù tí ẹ fi kọ́ Bàbá mi náà ni. Bí mo bá dà á sí ààtàn, àlífù ni mo dà síbẹ̀. Mi ò ní dà á."

Mo bu omi sínú igbá, mo fọ wàláà náà sínú rẹ̀ lójú wọn, mo fi ọwọ́ nù ún títí igi fi funfun. Omi náà dúdú. Mo ní bìsìmílà, mo gbé igbá kànnu. Èédú ń kan eyín mi, ó korò, ó sì ń fà lọ́fun. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé figbe ta, "Yéè, ó ti gbé Jámánì mì!" Mo sinmi láti mí, mo sì rí i pé gbogbo wọn ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Kì í ṣe ti omi náà, ti wòlímọ̀ mi ni. Bàbá mi nìkan ni kò wo ojú mi. Inú igbá ni wọ́n ń wò.

"Ó kù nísàlẹ̀," wọ́n ní. "Wọn kì í ṣẹ́ omi wàláà kù. Mu ún tán."

Mo mu ún tán.

Bàbá Àgbà dìde. "Ọmọ rẹ nìyẹn," wọ́n sọ fún bàbá mi, wọ́n sì wọlé lọ. Wọn kò sọ pé kí á ṣe wòlímọ̀, wọn kò sì tún sọ pé kí á má ṣe é. Bàbá mi mú ọjọ́. Mo wọ kíjìpá ìyá mi, mo dúró níwájú àdúgbò, mo sì ka ibi tí Ọlọ́run ti fi oòrùn àti òṣùpá búra. Ìyàwó òyìnbó ti fi ẹsẹ̀ rìn wá láti ibùdó, ó dúró sábẹ́ igi lẹ́yìn àwọn obìnrin. Bàbá mi gbé àpótí fún un kó jókòó. Bàbá Àgbà wá, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn kò fọwọ́ kan mọ́sà tí wọ́n gbé síwájú wọn. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, mo sì rí mọ́sà náà, ó dùn mí.

Mo ń lọ sí ibùdó títí ogun àwọn òyìnbó fi dé. Ọ̀ràn tiwọn ni, àwọn ló mọ ohun tí wọ́n fi ṣẹ ara wọn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan àwọn ọlọ́pàá ti ilé onípáànù náà pa, wọ́n sì kó ọkọ àti ìyàwó sínú rélùwéè bí ọ̀daràn. Mo sáré dé ibẹ̀. Ìyàwó òyìnbó rí mi láàárín èrò, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ké, "Dí mẹ́ẹ̀tìṣẹ̀n!" Dí, ó ní. Mo sunkún lọ́nà ilé bí ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú.

Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá fi dé ilé wa pẹ̀lú ògbufọ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ọmọge kan wà níbẹ̀ tó ń sọ èdè ọ̀tá, kó tẹ̀ lé àwọn dé Ìbàdàn lọ ṣàlàyé ara rẹ̀. Bàbá mi kò sí nílé. Wàláà mi wà lẹ́bàá ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ, nítorí mo ti pinnu pé kò sí ogun tó máa gba Jámánì lẹ́nu mi. Kí n tó lè yíjú, Bàbá Àgbà ti jáde, wọ́n jókòó sórí awọ àgbò wọn níbẹ̀, wọ́n fẹ agbádá funfun wọn kalẹ̀ yí ara wọn ká.

"Ilé kéwú nìyí," wọ́n sọ fún ògbufọ̀. "Sọ fún wọn kí wọ́n bi àwọn ọmọ ohun tí a ń kọ́ wọn."

Wọ́n sì nawọ́ sí ọmọbìnrin kékeré náà gan-an, ẹni tó sọ pé ọkùnrin ni ṣíbí. Ọmọ náà wo Bàbá Àgbà, ó wò mí, ó la ẹnu, ó sì ka Fátíà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Àwọn yòókù gbè é. Àwọn ọlọ́pàá dúró títí ó fi sú wọn, wọ́n sì lọ.

Ìgbà náà ni Bàbá Àgbà ká agbádá wọn kúrò nílẹ̀. Orí itan wọn ni wàláà mi wà. Wọ́n ti dojú rẹ̀ mọ́ra, ọ̀rọ̀ Jámánì sì ti tẹ̀ sára aṣọ Jímọ̀ wọn, dúdú lórí funfun, láti itan dé àyà. Wọ́n wo aṣọ náà. Wọ́n gbé wàláà fún mi láì wò mí lójú.

"Lọ fọ̀ ọ́," wọ́n ní. Mo ti fẹ́ dìde nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀. "Má sì dà á nù."

Tàdáwà yẹn kò jáde lára agbádá náà mọ́. Àwọn ìyàwó wọn fọ̀ ọ́ títí, wọ́n fi ọṣẹ dúdú gún un, ó kàn ṣá díẹ̀ ni. Bàbá Àgbà ṣì ń wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi wọ́n léèrè ohun tó ta sí i, wọ́n á ní iṣẹ́ kéwú ni.

Bàbá Àgbà ti lọ, bàbá mi ti lọ, mi ò sì tún gbúròó ìyàwó òyìnbó láti ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tí mo lè bá sọ èdè yẹn ní gbogbo Ìwó. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń lọ sílé ìwé, wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá jókòó síta láàárọ̀ tí mo ń kí oòrùn ní dí sọ́nà. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mi ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan. Láyé ijọ́sí, wọ́n ní orí mi kò lè gbà á, ó gbà á. Wọ́n ní kí n dà á sí ààtàn, mo mu ún. Inú mi níbí ló wà.